Ta Ni Àwọn Ọmọ Wa Rí Tí À Ń Kúnlẹ̀ Kí?

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, mo fẹ́ ká sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí ìkíni. Kì í ṣe bí ọmọ ṣe ń dọ̀bálẹ̀ tàbí bó ṣe ń kúnlẹ̀. Ìyẹn la ti ń bá wọn fà láti kékeré, àwọn mìíràn nínú wọn sì ti mọ̀ ọ́n ṣe dé ibi tí kò fi nítumọ̀ mọ́: wọ́n á tẹ orúnkún díẹ̀, ojú wọn á sì wà lórí fóònù. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni ẹni tí wọ́n ń rí tí àwa fúnra wa ń kí tọkàntọkàn, àti ẹni tí wọ́n ń rí tí a ń kọjá lára rẹ̀ láìyíjú wò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti máa ń hàn sí mi jù ni Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́. Àwa ará Ìkòròdú mọ ọ̀nà ibẹ̀ dáadáa, a ó gba Ìtòkín, a ó sì bọ́ sí etí ọ̀sà. Àwọn ará Lẹ́kkí àti Àjáh ń gba ọ̀nà tiwọn wá, àwọn ará Ìjẹ̀bú náà ń gba tiwọn. Ẹja ni gbogbo wọn ń wá: àrọ̀ tó ṣì ń jà nínú ọpọ́n, òbòkún, ẹpìyà, edé, akàn, ẹja yíyan tí wọ́n ká orí pọ̀ mọ́ ìrù. Wọ́n ń ta ìgbín, wọ́n ń ta ọ̀yà, àwọn ọjọ́ mìíràn wà tí ẹ ó rí ọ̀nì tí wọ́n fi okùn di ẹnu rẹ̀, tí àwọn ọmọ kéékèèké á máa na ìka sí i láti òkèèrè.

Obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ta ẹja níbẹ̀. Ìpẹ́ ẹja á lẹ̀ mọ́ wọn lápá, omi ẹja á ti rin ìró wọn, ojú àwọn tó ń yan ẹja á ti pọ́n nítorí èéfín. Òórùn ẹja kì í kúrò lára wọn kí ọjà tó tú.

Irú ohun tí mo máa ń rí níbẹ̀ rèé. Ìyá kan á sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin á tẹ̀ lé e. Ìyá ẹlẹ́ja tó jókòó ti ọpọ́n tó ẹni tó bí ìyá ọmọ náà.

“Eélòó lo fẹ́ ta eléyìí?”

“Ẹgbẹ̀rún méjìlá, oníbàárà mi.”

“Orí ẹ pé ṣá?”

Ìyá ẹlẹ́ja á rẹ́rìn-ín, nítorí ẹni tó bá fẹ́ tajà kì í bá oníbàárà jà láàárọ̀ kùtù, á sì dín owó rẹ̀ kù. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, obìnrin kan tó wọ léèsì, tó we gèlè, á gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá. Òde ló ń lọ, ó kàn yà ra ẹja ni. Ìyá ọmọ wa kò mọ̀ ọ́n rí, ṣùgbọ́n kíá lá tẹ orúnkún: “Ẹ káàárọ̀ o, mà.” Ọmọ á máa wo gbogbo rẹ̀. Kò sí olùkọ́ kankan tó lè là á yé e jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnu wa ń sọ pé aṣọ ńlá kọ́ lènìyàn ńlá. Orúnkún wa ń sọ òmíràn.

Ẹ wo bí a ṣe ń ra ẹja náà fúnra rẹ̀ ná. A ò jẹ́ fi ojú lásán rà á. A ó tẹ inú rẹ̀ wò bóyá ó ti rọ̀, a ó ṣí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wò bóyá abẹ́ rẹ̀ ṣì pupa, a ó wo ẹyinjú rẹ̀, a ó gbé e símú. Àrọ̀ tí kò lẹ́wà rárá, tó dúdú, tó ń yọ̀, tó tún nírùngbọ̀n, a mọ̀ pé òun ló máa dùn jù nínú ọbẹ̀, a kì í tìtorí ojú rẹ̀ fi í sílẹ̀. Ẹni tó ń tà á ńkọ́? Ìwò ẹ̀ẹ̀kan la fi parí tirẹ̀.

Kí ló wà nínú obìnrin tí a wò lẹ́ẹ̀kan yìí? Ó mọ omi. Ó mọ ìgbà tí òjò máa rọ̀ tí omi odò á ya wọ inú ọ̀sà, ó mọ ìgbà tí ẹ̀rùn máa dé tí irú ẹja kan á wọ́n, tí òmíràn á sì pọ̀. Bó bá gbé òbòkún lọ́wọ́, ó mọ̀ bóyá ìdájí ni wọ́n pa á tàbí ó ti sùn mọ́jú nínú yìnyín. Ó ń ṣe ìṣirò láìfi bírò kan ìwé: iye tó jẹ àwọn apẹja, owó yìnyín, owó igi tí yóò fi yan èyí tó bá ṣẹ́kù, owó ọkọ̀, owó àjọ tí alájọ máa wá gbà kó tó di ọ̀sán. Púpọ̀ nínú irú àwọn ìyá bẹ́ẹ̀, ní gbogbo etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ló ń yá apẹja lówó àwọ̀n àti owó ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi, tí apẹja á sì máa fi ẹja san án díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni ìwé àdéhùn wọn. Báńkì tí ọmọ wa ń bẹ̀bẹ̀ pé kó gba òun síṣẹ́ kò jẹ́ yá apẹja yẹn ní kọ́bọ̀, àfi tó bá mú onídùúró méjì wá àti ìwé ilẹ̀ bàbá rẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé mo ń bu iyọ̀ sọ́rọ̀, ẹ jẹ́ ká mú ẹlẹ́ja kan jáde tí orúkọ rẹ̀ ti wọ ìwé ìtàn. Àlímọ́tù Pẹ̀lẹ́wúrà ni. Èkó ni wọ́n ti bí i, ìyá rẹ̀ ń ta ẹja, òun náà ń ta ẹja lọ́jà Èrékò. Kò mọ̀wéé kọ, kò mọ̀wéé kà. Bí ẹ bá pàdé rẹ̀ nídìí ọpọ́n rẹ̀ láìmọ̀ ọ́n, ohun tí ẹ máa rí ò ní ju ohun tí a ń rí ní Olúwo lọ. Ṣùgbọ́n ní 1910, Ọba Èṣùgbàyí Ẹlẹ́kọ̀ ti fi í joyè. Nígbà tó yá, òun ni olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọlọ́jà ní gbogbo Èkó, ní 1932 ó sì wọ ìgbìmọ̀ ìlú tó ń bá ọba dámọ̀ràn. Ìjọba fẹ́ kó ọjà Èrékò lọ sí Olúwọlé láàárín àwọn ọdún 1930. Òun àtàwọn obìnrin rẹ̀ yarí, ọjà náà ò kúrò.

Èyí tó gbayì jù ni ti owó orí. Ní 1940, ìjọba amúnisìn ní kí obìnrin Èkó tí owó tó ń wọlé fún un bá ju £50 lọ lọ́dún máa san owó orí, ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe sí obìnrin Èkó rí. Lóṣù Kejìlá ọdún yẹn, ọjà di títì pa. Àwọn obìnrin tú síta, Pẹ̀lẹ́wúrà ló ṣáájú wọn lọ bá Kọmíṣọ́nnà ní ọ́fíìsì rẹ̀. Ìjọba ní láti gbé iye náà lọ sókè dé £200, ìyẹn ni pé ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn obìnrin ọjà bọ́ nínú rẹ̀. Kò pẹ́ sígbà náà ni ọ̀rọ̀ gàárì tún dé. Ogun Hitler ń lọ lọ́wọ́, òyìnbó kan tí wọ́n ń pè ní Captain Pullen ló ń bójú tó iye tí wọ́n gbọ́dọ̀ máa ta oúnjẹ, iye tó fi lé gàárì kò sì tó ohun tí àwọn obìnrin fi rà á lóko. Wọ́n fi £100 lóṣù lọ Pẹ̀lẹ́wúrà pé kó bá ìjọba fọwọ́ sowọ́ pọ̀. Ẹ ro ohun tí £100 lóṣù jẹ́ nígbà náà, nígbà tó jẹ́ pé £50 lọ́dún ni wọ́n kọ́kọ́ kà sí owó olówó! Ó kọ̀ ọ́. Ó kú ní 1951.

Nínú ìtàn yìí, ẹnì kan tó yẹ ká fi han àwọn ọmọ wa ni Herbert Macaulay. Ọmọ ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ni, ó kẹ́kọ̀ọ́ ẹnjiníà ní Plymouth nílùú òyìnbó, irun imú rẹ̀ nìkan ti tó ẹ̀kọ́ nípa ìmúra. Síbẹ̀ ó ń gbọ́rọ̀ sí Pẹ̀lẹ́wúrà lẹ́nu, ó ń jókòó tì í, ó ń gbìmọ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa o, olóṣèlú ni Macaulay, ó sì mọ̀ pé ọjà ni èrò wà. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀mọ̀wé mìíràn wà nínú Èkó ayé ìgbà yẹn tí àwọn náà ń wá èrò, tí wọn ò sì lè fi ara wọn sílẹ̀ láti dé ìdí ọpọ́n ẹja. Ojú tó rí Pẹ̀lẹ́wúrà, kì í ṣe gbogbo ẹni tó kàwé ló ní i.

Àpẹẹrẹ ti Lateef Jákàńdè, gómìnà Èkó nígbà kan rí, ò jìnnà sí wa rárá, àwọn tó ti dàgbà díẹ̀ nínú wa fojú rí i. Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ní Èkó ni wọ́n bí i sí ní 1929, àdúgbò àwọn tó bá Kòsọ́kọ́, ọba Èkó tẹ́lẹ̀, padà láti Ẹ̀pẹ́ yìí kan náà ní 1862. Nígbà tó di gómìnà ní 1979, àwọn ọmọ Èkó ń pín ilé ìwé lò ni, àwọn kan láàárọ̀, àwọn kan lọ́sàn-án. Ó kọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ rẹpẹtẹ, kíákíá, tí owó rẹ̀ kò wọ́n: ilé gbọọrọ, kúkurú, tí kò ní ọ̀ṣọ́ kankan. Àwọn èèyàn fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ilé adìyẹ ni. Ní ti àwọn kan nínú wa tó ń ka ọ̀rọ̀ yìí, inú “ilé adìyẹ” yẹn la ti kọ́ A B D. Òun alára kò kó lọ sílé ìjọba. Inú ilé tirẹ̀ ní Ìlúpéjú ló ń gbé, ọkọ̀ tirẹ̀ ló ń gùn títí tí àwọn ológun fi gbàjọba lọ́jọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1983. Nígbà tó kú ní 2021, ẹni ọdún mọ́kànlélàádọ́rùn-ún, kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ ọkọ̀ tó gùn, àfi láti fi yìn ín.

Títí débi yìí, ọ̀rọ̀ tó dùn gbọ́ là ń sọ. Èyí tí kò dùn gbọ́ wà ní ilé wa gan-an, ní Ìkòròdú, a kì í sì í fẹ́ kí àwọn ọmọ dá a sílẹ̀. Ní 2016 àti 2017, àwọn apààyàn tí wọ́n ń pè ní Badoo ń wọlé onílé lóru, wọ́n ń fi òkúta fọ́ orí tọkọtaya àti ọmọ. Ẹ rántí bó ṣe rí: à ń ṣọ́ àdúgbò mọ́jú, ojú gbogbo àlejò là ń wò lẹ́ẹ̀mejì. Ní àárín 2017, àwọn ọkùnrin mẹ́ta kan bọ́ sọ́wọ́ èrò ní Òdògùnyán. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ apanilẹ́rìn-ín, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó gun orí ìtàgé kó mú èèyàn rẹ́rìn-ín. Wọ́n wò wọ́n, wọ́n ní wọ́n jọ Badoo. Wọ́n lù wọ́n pa, wọ́n sì dáná sun wọ́n. Lẹ́yìn tí wọ́n kú tán ni ìlú ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ẹni tí wọ́n jẹ́.

Àwọn tó lù wọ́n kì í ṣe iwin, ọmọ ẹnì kan ni wọ́n, wọ́n kọ́ wọn níkìíni. Ẹ̀rù ló mú wọn, mo mọ̀, ẹ̀rù sì mú gbogbo wa nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù nìkan kì í gbé òkúta. Ó gbọ́dọ̀ bá ojú kan tó ti mọ́ra láti máa fi ìrísí dájọ́ láti kékeré, tó ń sọ pé “ẹ wò ó, ṣebí ojú olè nìyẹn”, ọ̀rọ̀ tí àwa òbí ń sọ nínú ọkọ̀ láìronú bí a bá kọjá lára ọmọkùnrin tó dirun. Ní 2020, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ tú síta lórí ọ̀rọ̀ SARS, ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń gbógun ti olè, lára ohun tí wọ́n ń pariwo ni pé ọlọ́pàá ń tìtorí irun orí àti kọ̀ǹpútà tó wà nínú báàgì mú àwọn ní ọ̀daràn. Ọ̀pọ̀ òbí bá wọn bínú sí ọlọ́pàá. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Àwọn òbí yẹn kan náà ló lé ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn jáde nílé nítorí dàda.

Mo ti ń gbọ́ ohun tí àwọn kan máa fi dá mi lóhùn: ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Òótọ́ ni. Àwọn baba wa ló pa òwe yẹn, wọn ò sì pa á lásán. Bí ọmọ bá ń lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, kó fọ aṣọ, kó lọ̀ ọ́, kó gé èékánná. Ìyá ẹlẹ́ja náà mọ̀ bẹ́ẹ̀: ẹ lọ wò ó ní ọjọ́ Jímọ̀ nígbà tó bá ń lọ sí mọ́ṣáláṣí tàbí ní Ọjọ́ Ìsinmi, ẹ lè máà dá a mọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí òwe náà ń sọ fún wa ni bí aráyé ṣe máa ṣe sí wa. Kò pàṣẹ pé báyìí ni kí àwa náà máa ṣe sí ẹlòmíràn. Ẹni tó ń kọ́ ọmọ rẹ̀ láti múra dáadáa kò gbọ́dọ̀ tìtorí ẹ̀ kọ́ ọ láti máa wo ẹni tí kò rí aṣọ múra tìkà-tẹ̀gbin. Èyí ò sì sọ pé ìdọ̀tí ni ìwà rere o. Mo ti rí ẹlẹ́ja tó ń fi ẹja àná sábẹ́ ẹja òní, ìró rẹ̀ rin bíi ti àwọn yòókù. Gbájú-ẹ̀ náà ò yàtọ̀, àwọn kan ń wọ kóòtù, àwọn kan ń wọ àkísà tọrọ owó. Ohun tí mò ń sọ kò ju pé aṣọ kò tó ẹ̀rí lọ, ní apá méjèèjì.

Ibi tí èyí ti le jù ni ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Láyé àtijọ́, bí ọkùnrin bá yọjú, ìdílé ọmọbìnrin kì í jókòó ti ẹwà rẹ̀. Wọ́n á rán èèyàn lọ síbi tó ti wá. Wọ́n á béèrè bóyá wọ́n ń jalè nílé wọn, bóyá àrùn kan wà tí wọ́n ń bò mọ́lẹ̀, bóyá ọkùnrin ilé wọn máa ń nawọ́ sí aya, bóyá baba rẹ̀ jẹ gbèsè sá lọ. Alárinà wà láàárín, orúkọ alárinà sì ni yóò bàjẹ́ bó bá parọ́. Ìwádìí yìí ní àbùkù tirẹ̀, ó ti já ọ̀pọ̀ ìfẹ́ rere nítorí ẹ̀ṣẹ̀ baba baba ẹni, mi ò sì ní kí gbogbo rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n ẹ fi wé tòní. Ọmọkùnrin gbé ọkọ̀ ńlá wọ inú ọgbà, àwa òbí ti dìde, a ti ń nu àga. Ta ló béèrè iṣẹ́ tó ń ṣe? Èyí tó ń gun ọ̀kadà wá kí ọmọ wa, tó ń ṣe iṣẹ́ iná mànàmáná, tó ń san owó ilé ìwé àbúrò rẹ̀ méjì, òun la ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé “kí lo fẹ́ fi bọ́ ọmọ mi?” Ìbéèrè gidi ni. Ẹ bi àwọn méjèèjì.

Nínú ilé náà ńkọ́? Ọmọ tó ń bá wa gbé, tó ń gbálẹ̀, tó ń fọ abọ́, ẹ̀gbọ́n ni ó jẹ́ fún àwọn ọmọ wa, àbí orúkọ lásán ni wọ́n ń pè é? Mẹ́gáàdì ńkọ́? Àwọn obìnrin tó ń gbá títì ní ìdájí ńkọ́? Ìyá mìíràn sì wà tí ọmọ tirẹ̀ gan-an ló ń fi ojú ìrísí pín: èyí tó pupa ni “òyìnbó mi”, èyí tó dúdú ni wọ́n ń ra ìpara fún láti ọmọ ọdún mẹ́wàá. NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, ń kìlọ̀ lórí àwọn ìpara tó ń bó ara wọ̀nyẹn lóòrèkóòrè, ṣùgbọ́n ọ̀gbẹ́ tó ń dá sọ́kàn ọmọ kì í sí lára ohun tí NAFDAC lè yẹ̀ wò. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ti sọ fún pé àwọ̀ rẹ̀ kò tó, níbo ló ti máa rí ojú tó fi máa rí iyì lára ìyá ẹlẹ́ja?

Ohun tí mo rí tó ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro. Bí ẹ bá ń lọ sí Olúwo, ẹ mú àwọn ọmọ dání, kí ẹ má fi wọ́n sínú ọkọ̀. Kí wọ́n kí ìyá kí owó ẹja tó wọ ọ̀rọ̀. Ẹ ná ọjà bó ṣe yẹ, ẹja ò ní owó kan pàtó, ẹ̀tọ́ yín ni, ṣùgbọ́n “ẹ” ni kí ẹ fi ná an: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá wa dín in kù.” Ẹ jẹ́ kí ọmọ béèrè ohun tó fẹ́ mọ̀: báwo lẹ ṣe ń mú òbòkún tí ẹ̀gún rẹ̀ kì í gún yín? Àwọn ìyá yẹn fẹ́ràn ọmọ tó ń béèrè ọ̀rọ̀. Bí ẹ bá sì tilé àlejò dé, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ dá lórí ohun tí wọ́n wọ̀ àti irú tẹlifíṣọ̀n tó wà ní pálọ̀ wọn. Ẹ bi ọmọ léèrè ohun tó rí tí ẹnì kan ṣe fún ẹlòmíràn níbẹ̀. Ní ìgbà àkọ́kọ́, kò ní rí nǹkan kan sọ.

Ẹ̀gbọ́n mi kan bi mí pé ṣé ewu ò wà níbẹ̀, pé bí a bá ní kí ọmọ má fojú ìrísí wo èèyàn, ṣé kò ní bá ajọ́mọgbé lọ. Mo ronú sí i dáadáa, nítorí ọ̀rọ̀ ọmọ kì í ṣe ohun tí a ń fi ṣeré ní Èkó yìí. Òdìkejì rẹ̀ gan-an ló wà níbẹ̀. Ọmọ tí a ti kọ́ pé ẹni burúkú máa ń dọ̀tí, tí ojú rẹ̀ máa ń pọ́n, yóò bá “Àǹtí” tó wọṣọ tó mọ́, tó mú súìtì lọ́wọ́, lọ láìbẹ̀rù. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì jẹ́ pé ẹni tí ọmọ mọ̀, tó ń wọlé wọ̀de, ló ń ṣe é níjàǹbá. Ẹ sọ fún un pé kó máa kí gbogbo èèyàn, kó má sì bá ẹnikẹ́ni lọ síbi tí ìyá àti bàbá rẹ̀ kò mọ̀, yálà ó gbé ọpọ́n ẹja rù ni o, yálà ó wọ kóòtù ni o, kódà bó jẹ́ ẹni tó ń bá wa jẹun nínú ilé. Ẹni tó bá sì ní kó má sọ fún ìyá rẹ̀, kó sáré wá sọ fún ìyá rẹ̀.